Ẹni tí ó Gba Epo Sílẹ̀

Ẹ̀rù kan wà tí ó ti di ara wa ní ilẹ̀ yìí. Bí ọmọ bá pẹ́ kí ó tó ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, bí ọlọ́kadà bá gba ọ̀nà tí a kò mọ̀, bí àjèjì bá fi omi tútù lọ̀ wá nínú ọkọ̀, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ni ọkàn wa máa ń kọ́kọ́ sáré lọ bá. Láyé àtijọ́, a máa ń sọ pé oògùn owó ni wọ́n fẹ́ fi ènìyàn ṣe. Nígbà tí ó yá, ọ̀rọ̀ tuntun wọ inú ìtàn náà: wọ́n ní kíndìnrín ni wọ́n ń wá. Mo ti gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ èrò láti Ìbàdàn sí Èkó, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo sì ti gbọ́ ọ nínú ìwàásù. Wọ́n á ní wọ́n jí ẹnì kan gbé lóru, ó lajú ní òwúrọ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà, ó bá ojú abẹ ní ìhà rẹ̀.

N kò sọ pé kí a má bẹ̀rù ajínigbé. Ohun tí ojú wa ti rí lọ́wọ́ wọn kò kéré. Ohun tí mo ń wí ni pé, ní ti ọ̀rọ̀ kíndìnrín, ibi tí kò yẹ ni ẹ̀rù wa kọjú sí. Kíndìnrín kì í ṣe fóònù tí olè lè yọ lápò ènìyàn kí ó lọ tà á lábẹ́ afárá. Bí a bá ti yọ ọ́ kúrò lára ẹni tí ó ni ín, wákàtí ni a fi ń ka ọjọ́ ayé rẹ̀, inú òtútù ni ó sì gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo àkókò náà. Kí a tó yọ ọ́ pàápàá, a ó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó fẹ́ fi í sílẹ̀ wò, a ó yẹ ti ẹni tí yóò gbà á wò, a ó sì mọ̀ bóyá ara kejì yóò kọ̀ ọ́ tàbí kò ní kọ̀ ọ́. Ẹnì kan ni yóò fún àwọn méjèèjì ní oògùn oorun. Ẹnì kan ni yóò mú abẹ, ẹlòmíràn yóò máa na irinṣẹ́ sí i, ẹlòmíràn yóò jókòó tì wọ́n lóru. Lẹ́yìn náà, níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá fi wà lára ẹni tí ó gbà á, oògùn ni yóò máa lò lójoojúmọ́, ẹnì kan ni yóò sì máa kọ oògùn náà fún un. Ajínigbé wo ni ó kó gbogbo ènìyàn wọ̀nyí pamọ́ sínú igbó?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú òwò ẹ̀yà ara, kò sí bí epo ti lè kúrò lájà bí ẹni tí ó wọ aṣọ funfun kò bá dúró nísàlẹ̀ kí ó na ọwọ́. Nítorí náà ni mo ṣe gbàgbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, láti orí ọ̀gá dókítà títí dé orí ẹni tí ń gba ẹ̀jẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò, ni agbára àtidá òwò yìí dúró wà lọ́wọ́ wọn, ju ọlọ́pàá lọ, ju aṣọ́bodè lọ. Nítorí náà sì ni mo ṣe ń bá wọn wí. Mo mọ̀ pé yóò bí ọ̀pọ̀ nínú wọn nínú. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ dókítà ti sọ fún mi pé kí n gbájú mọ́ ewì, kí n fi abẹ sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò. Mo ti gbájú mọ́ ewì láti bí ọgbọ̀n ọdún. Ewì náà ni ó kọ́ mi pé kí n máa fetí sí ohun tí ènìyàn sọ àti ohun tí kò sọ, ìyẹn gan-an sì ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí.

Ẹjọ́ tí ilé-ẹjọ́ ti dá ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn ẹ̀sùn mìíràn ti jáde nílé níhìn-ín, ní Àbújá àti ní Jos. Mo fi ìwọ̀nyẹn sílẹ̀ fún àwọn adájọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélógún kan láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọlanke ni ó ń tì kiri ọjà l'Ékòó, tí ó ń ta ohun èlò fóònù. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní kíndìnrín rẹ̀ ni ọmọbìnrin Ike Ekweremadu, ẹni tí ó ṣe igbákejì olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà wa láti 2007 títí di 2019. Wọ́n mú un lọ sí ilé-ìwòsàn Royal Free, wọ́n ní ìbátan ọmọbìnrin náà ni, pé ọmọ ẹbí kan náà ni wọ́n. Irọ́ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ níwájú adájọ́ pé iṣẹ́ ni òun rò pé òun bá wá sí ìlú òyìnbó, àti pé ìgbà tí òun dé iwájú àwọn dókítà ni òun tó mọ̀ pé kíndìnrín òun ni wọ́n ń sọ.

Dókítà àgbà tí ó dá a lóhùn níbẹ̀ bi í ní ìbéèrè. Ó rí i pé ohun tí ó bá wá kò yé e tó. Kò sí ẹni tí ó jókòó là á yé e irú ewu tí ó wà nínú iṣẹ́ abẹ náà, kò sì sí owó lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò fi máa tọ́jú ara rẹ̀ ní ìyókù ayé rẹ̀. Dókítà náà ní iṣẹ́ abẹ náà kò ní wáyé. Ilé-ẹjọ́ gbọ́ pé nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó hàn gbangba lójú rẹ̀ pé ara tù ú.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ojú yẹn. Ẹni tí ó ti pinnu láti fi nǹkan ara rẹ̀ ra ẹ̀mí ìbátan rẹ̀ padà, bí wọ́n bá sọ fún un pé kò ní ṣe é ṣe, ìbànújẹ́ ni yóò bá a. Yóò máa bẹ dókítà, yóò máa bi í bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Èyí tí ara tù, tí ó mí kanlẹ̀, ti sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ láìla ẹnu. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè ka ojú bẹ́ẹ̀, kò sí ọlọ́pàá kankan nínú yàrá náà. Dókítà nìkan ni ó wà níbẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ Old Bailey dá Ekweremadu, ìyàwó rẹ̀ àti dókítà Obinna Obeta lẹ́bi, ní abẹ́ òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2015 láti fi dẹ́kun òwò ẹrú òde òní. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò lo òfin náà fún ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara. Ní oṣù karùn-ún, adájọ́ ní kí ọkọ lọ ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́jọ, kí ìyàwó lọ ṣe ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀, kí dókítà náà lọ ṣe ọdún mẹ́wàá. Ẹ kíyè sí i pé ti dókítà ni ó gùn jù. Kì í ṣe òun ni bàbá ọmọ tí ń ṣàìsàn, kì í ṣe òun sì ni ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ jù. Òun ni ó mọ ọ̀nà.

Bí ó ti ṣe mọ ọ̀nà náà ni ó yẹ kí ó máa dá oorun mọ́ àwọn dókítà lójú. Obeta fúnra rẹ̀ ti gba kíndìnrín ní ilé-ìwòsàn kan náà ní 2021, láti ara ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn tí ó wá láti Nàìjíríà, ilé-ẹjọ́ sì gbọ́ pé ìbátan ni wọ́n pe ẹni náà pẹ̀lú. Ẹnu-ọ̀nà kan náà ni: ó ṣí ní 2021, ó tì ní 2022. Bí ó bá ti tì ní ìgbà àkọ́kọ́, bóyá ẹlẹ́ẹ̀kejì kò ní kúrò nídìí ọmọlanke rẹ̀.

Ìbátan: ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ èdè wọ inú ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tèmi. Ní èdè wa, àbúrò mi lè jẹ́ ẹni tí ó tẹ̀lé mi nínú ìyá. Ó lè jẹ́ ọmọ arákùnrin bàbá mi, ó lè jẹ́ ọmọ àdúgbò, ó lè jẹ́ ọ̀dọ́mọdé tí n kò rí rí títí di àárọ̀ yìí tí ó bá mi gbé àpò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo pè é ní àbúrò, ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá, kò sí ẹni tí ó parọ́ nínú wa. Ara ẹwà èdè wa ni, ara ìwà ọmọlúwàbí wa sì ni pẹ̀lú. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wá dé orí ìwé ilé-ìwòsàn, tí wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó di ohun mìíràn. Ó di ẹ̀rí pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Inú àlàfo tí ó wà láàrín àbúrò tí a ń pè lẹ́nu àti àbúrò tí òfin mọ̀ ni àwọn oníṣòwò ẹ̀yà ara ń fara pamọ́ sí, ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣe ìtọ́jú ara wa ni wọ́n sì sọ di aṣọ ìbora.

Dókítà òyìnbó lè ní àwáwí. Ó lè ní òun kò mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa gbogbo ènìyàn ni ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọmọ Nàìjíríà tí ó jẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, ìbáà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tí wọ́n ti pọ̀ bí eṣú, kò ní àwáwí kankan. Ó mọ̀. Bí ó bá fẹ́ mọ ẹni tí ó jẹ́ ìbátan nítòótọ́, ìbéèrè tí ìyá àgbà ilé rẹ̀ máa ń bi àlejò ti tó: ọmọ ìyá ni yín tàbí ọmọ bàbá? Ta ni ó bí ìyá yín? Níbo ni ẹ sin bàbá àgbà sí, ta ni ó sì ṣe olórí ìsìnkú? Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n bi wọ́n ní oríkì ilé wọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ọmọ ìwòyí. Ọ̀pọ̀ ni yóò kùnà nínú ìdánwò náà tí wọ́n sì jẹ́ ọmọ ìyá nítòótọ́. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fi ń bú ara wọn ní kékeré. Ọmọ ìyá kì í gbàgbé ìyẹn.

Kí wọ́n sì bi ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ní èdè rẹ̀, láìsí ẹni tí ó mú un wá nítòsí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan tí kò sí lára àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ wá ẹni tí ó fẹ́ fi ẹ̀yà ara sílẹ̀ lẹ́nu wò, òun nìkan, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ wá ẹni tí yóò gbà á lẹ́nu wò, òun nìkan pẹ̀lú. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ní ihò: ta ni ògbufọ̀? Nínú ẹjọ́ tí mo ń sọ yìí, ògbufọ̀ èdè Igbo ni ó wà láàrín ọ̀dọ́mọkùnrin náà àti àwọn dókítà, agbẹjọ́rò ìjọba sì sọ fún ilé-ẹjọ́ pé wọ́n ti ṣètò owó fún un kí ọ̀rọ̀ lè lọ bí wọ́n ti fẹ́. Ẹni tí ó bá di ahọ́n ẹlòmíràn mú lè tà á láìtíì tú aṣọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ni ó kàn. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé-ìwòsàn kan ní kí n bá àwọn tú ìwé tí aláìsàn ń fi ọwọ́ sí kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un sí èdè Yorùbá. Ojú ewé méjì péré ni. Mo rò pé n óò parí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan tí ó fi ń sọ pé ẹnì kan mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un, ó rò ó, ó sì fẹ́ ẹ. Èwo ni n óò lò? Bí mo bá kọ "mo gbà", ẹni tí ó gbà lè jẹ́ ẹni tí ó fẹ́, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó gba kámú. "Mo fara mọ́ ọn" ni ẹni tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí tẹ́lẹ̀ máa ń sọ. "Mo yọ̀ǹda" dára jù, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni ó ń yọ̀ǹda fún ọmọ-iṣẹ́. Aláìsàn tí ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn kò rí ara rẹ̀ bí ẹni tí ó lè yọ̀ǹda nǹkan fún dókítà.

Mo wá lọ jókòó ní ilé-ìwòsàn náà láti gbọ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni "Bẹ́ẹ̀ ni sà." Dókítà yóò ṣàlàyé, yóò ní ṣé ó yé yín? "Bẹ́ẹ̀ ni sà." Ṣé ẹ ní ìbéèrè? "Rárá sà, ẹ ṣeun sà." Wọ́n á ní kí ó tẹ̀ka, á tẹ̀ka. Gbogbo Yorùbá tí wọ́n tọ́ ní ilé mọ̀ pé "bẹ́ẹ̀ ni sà" kì í ṣe ìdáhùn. Ìkúnlẹ̀ ni, ìkúnlẹ̀ tí a fi ẹnu ṣe. A máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí a kò lè jiyàn pẹ̀lú, ìbáà jẹ́ òtítọ́ ni ó sọ, ìbáà jẹ́ irọ́. Dókítà Yorùbá tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn fi tọkàntọkàn fẹ́ iṣẹ́ abẹ náà, nítorí pé ó ní "bẹ́ẹ̀ ni sà", mọ̀ dájú pé òun ń tan ara òun jẹ. Òun náà ń sọ ọ́ fún ọ̀gá tirẹ̀ lójoojúmọ́.

Bí ó bá jẹ́ ojú oówo ni wọ́n fẹ́ là, ìpalára inú rẹ̀ lè kéré. Ṣùgbọ́n nílé wa níhìn-ín, láti ọdún 2000 tí wọ́n ti kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín ní Nàìjíríà, ní ilé-ìwòsàn St. Nicholas l'Ékòó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ara alààyè nìkan ni kíndìnrín tí a ń pààrọ̀ ti ń wá. Èyí túmọ̀ sí pé lẹ́yìn kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan wà tí ó lè sọ̀rọ̀, tí ó jókòó sórí àga ní ọ́fíìsì dókítà kí ó tó dùbúlẹ̀ sórí tábìlì. Kò sí olè mìíràn lágbàáyé tí ẹrù tí wọ́n jí máa ń ti ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ kọjá, tí ẹ̀ṣọ́ sì láǹfààní láti bi ẹrù náà pé: ta ni ó ni ọ́?

"Dókítà kì í ṣe ọlọ́pàá." Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ nìyí, ọ̀rẹ́ mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Mo gbà pé kì í ṣe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Durban ní Gúúsù Áfíríkà, ní ilé-ìwòsàn St. Augustine's, láàrín 2001 àti 2003. Iṣẹ́ abẹ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ṣe níbẹ̀ lòdì sí òfin. Àwọn aláìsàn wá láti Ísírẹ́lì. Àwọn tí wọ́n gé lára wá láti Ísírẹ́lì ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n rí i pé ti àwọn tálákà láti Romania àti láti Recife ní Brazil kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Lórí ìwé, ìbátan ni gbogbo wọn. Ará Recife tí kò gbọ́ Hébérù, ìbátan ará Ísírẹ́lì tí kò gbọ́ Potogí! Ní 2010, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ilé-ìwòsàn náà gbà pé òun jẹ̀bi. Nínú ohun tí ó jẹ́wọ́ ni pé àwọn ọmọdé tí kò tíì dàgbà tó márùn-ún wà lára àwọn tí wọ́n yọ kíndìnrín wọn. Ó san owó rándì tí ó lé ní mílíọ̀nù méje. Ní ti mẹ́rin nínú àwọn dókítà tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn, ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ wọn dúró pátápátá ní 2012.

Àwọn dókítà wọ̀nyẹn kì í ṣe ọlọ́pàá. Àwọn nọ́ọ̀sì tí ń gbé wọn wọlé, tí ń gbé wọn jáde, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ojú ni wọ́n ní, etí ni wọ́n ní, kò sì sí ẹni tí ó ní kí wọ́n ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn tún jinlẹ̀ díẹ̀ máa ń mú àṣírí aláìsàn wá sí i. Wọ́n ní ìbúra àwọn kò jẹ́ kí àwọn tú àṣírí. Èyí dára, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n àṣírí ta ni? Ti aláìsàn ni. Kì í ṣe ti ẹni tí ó mú un wá, tí ó gba físà fún un, tí ó jókòó sí yàrá ìdúró tí ó ń wo aago. Ẹ padà wo ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà àgbà náà ṣe ohun tí ó dára, mo sì yìn ín: ó kọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ilé-ìwòsàn kọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà sọ́dọ̀ àwọn kan náà tí wọ́n mú un wá. Ilé-ẹjọ́ gbọ́ pé wọ́n yíjú sí ilẹ̀ Túkì láti wá ẹlòmíràn. Nígbà tí ẹ̀rù bà á pé wọn yóò dá òun padà sí Nàìjíríà, ó sá, ó ń sun ìta, kí ó tó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ àgọ́ ọlọ́pàá kan ní Staines ní oṣù karùn-ún. Ìgbà náà ni ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá rìn ńkọ́? Kíkọ̀ nìkan kò tó. Ẹni tí ó kọ̀ láti gba epo sílẹ̀, tí ó sì dákẹ́, ti jẹ́ kí olè gbé e lọ sí ilé kejì. Àwọn òyìnbó rí ihò yìí, wọ́n sì dí i: láti oṣù kẹrin ọdún 2024, ó ti di dandan fún dókítà tí ó bá fura sí irú nǹkan báyìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi tó àjọ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara létí.

Ní ilẹ̀ tiwa, òfin wà. Òfin Ìlera tí a ṣe ní 2014 kà á léèwọ̀ láti ta ẹ̀yà ara. Òfin tí a ṣe ní 2015 lórí òwò ènìyàn sì dá ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún méje fún ẹni tí ó bá fi ẹ̀tàn tàbí ipá mú ènìyàn lọ fún yíyọ ẹ̀yà ara. Ṣùgbọ́n ẹ ka òfin 2014 náà dáadáa. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀yà ara rẹ̀ sílẹ̀ tí ó sì gba owó lé e lórí, yàtọ̀ sí owó tí ó ná sí i, arúfin ni òun náà. Nítorí náà, ọmọ tálákà tí wọ́n tàn, tí wọ́n ṣèlérí mílíọ̀nù fún, tí wọ́n fún ní ìdá mẹ́ta rẹ̀, tí ìhà ń dùn, kò jẹ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀wọ̀n ni ó ń dúró dè é níbẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí yóò dé nígbà tí ìrora bá dé ni ilé-ìwòsàn. Bí nọ́ọ̀sì tí ó rí àpá náà bá bú u pé ojúkòkòrò ni ó pa á, ó ti parí nìyẹn.

Àwọn kan yóò ní n kò mọ ìrora òbí tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti bá ìbátan mi jókòó ti ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀, mo sì mọ iye tí a san. Ìgbà tí ìjọba kéde ní 2025 pé àwọn dín owó ìfọ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kù láti ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà sí ẹgbẹ̀rún méjìlá ní àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, mo dúpẹ́, mo sì rántí àwọn tí ó kú nígbà tí kò tíì dín kù. Ọmọ tí ń ṣàìsàn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bàbá tí ń wá ọ̀nà kò ya ẹranko. Ìfẹ́ òbí kì í ṣe ẹ̀bùn àwọn olówó nìkan ṣá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́mọlanke yẹn náà, obìnrin kan ni ó bí i.

Ìdí èyí ni ohun tí ó tẹ̀lé ìdájọ́ náà fi dùn mí. Ààrẹ tẹ́lẹ̀ rí, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, kọ ìwé sí ilé-ẹjọ́ ní 2023 pé kí wọ́n ṣàánú. Àwọn aṣòfin náà kọ̀wé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba Nàìjíríà rán mínísítà méjì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí Ekweremadu wá parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ nílé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ̀. Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ pé mínísítà kan bi wọ́n léèrè pé ọmọ wa kejì ńkọ́, èyí tí wọ́n fẹ́ gé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan sọ fún mi níbi àpèjẹ kan pé ìwọ̀fà ni mo yẹ kí n fi wé e, pé àwọn baba wa náà ti fi ara ènìyàn yá owó rí. Mo fẹ́ràn ìfiwéra náà, nítorí pé òun gan-an ni ó dá wọn lẹ́bi. Ìwọ̀fà kò dára, n kò ní gbèjà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n fi ìgbà èwe wọn san gbèsè tí wọn kò jẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀fà ni olówó ní, kò ní ara rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá kó owó wá, ìwọ̀fà yóò dìde tòun ti ẹ̀yà ara rẹ̀ gbogbo, yóò sì gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Ta ni yóò san owó kíndìnrín padà kí kíndìnrín tó wá sílé?

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera ni ó lágbára bákan náà. Nọ́ọ̀sì tí owó oṣù rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀, tí ó rí i pé "àbúrò" tí wọ́n gbé wọlé kò mọ orúkọ ẹni tí ó fẹ́ fún ní kíndìnrín, ta ni yóò sọ fún? Ọ̀gá tí ó gba owó iṣẹ́ náà? Bí ó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lè bọ́. Nítorí náà, kì í ṣe ọkàn rere rẹ̀ nìkan ni kí a gbẹ́kẹ̀ lé. Ó yẹ kí òfin wa sọ ọ́ di dandan fún un láti sọ, kí ó sì dáàbò bò ó nígbà tí ó bá sọ. Kí ẹni tí yóò fi ọ̀rọ̀ wá olùtọrẹ lẹ́nu wò má jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn tí yóò gba owó iṣẹ́ abẹ náà. Kí ògbufọ̀ má sì ti ilé ẹni tí ó mú un wá bọ̀.

Ní ti ìwé tí mo tú, mo fi ìbéèrè mẹ́ta kún un tí kò sí nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n bi ẹni náà nígbà tí ó bá dá wà: "Ta ni ó ní kí o wá? Kí ni wọ́n ní àwọn yóò fún ọ? Bí a bá sọ fún ọ nísinsìnyí pé kí o máa lọ sílé, ṣé inú rẹ yóò dùn?" Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n dá ìwé náà padà sí mi pẹ̀lú ọpẹ́. Wọ́n gba gbogbo ìtúmọ̀ náà láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Wọ́n fi gègé pupa fa ìlà lórí àwọn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé kò sí nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. Mo tún un kọ, mo sì fi ránṣẹ́ padà tòun ti ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.